Ìta Ń Dán, Inú Ń Họ Ni Lára

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni obìnrin náà fi ń mú nǹkan dán fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin yìí, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ṣì ń fi igi gbẹ́ ẹsẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ti gé lẹ́sẹ̀, òun ló ń gba igi náà lọ́wọ́ rẹ̀, tí á fá a, tí á fi sáńpépà ha á títí yóò fi jọ̀lọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́. Nígbà tó yá, igi kúrò ńlẹ̀, ẹ̀rọ dé. Ẹ̀rọ náà á yọ́ ike bí ẹni yọ́ àbẹ́là, á máa tò ó lé ara wọn ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, títí odidi ẹsẹ̀ yóò fi dìde dúró lórí àwo rẹ̀. Ó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá tò lé ara wọn, bó ti wù kó fẹ́lẹ́ tó, ojú ibi tí a ti tò ó á hàn. Bí o bá fi èékánná ha ara ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ẹ̀rọ náà jáde, kírírí ni yóò máa dún. Torí náà iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ obìnrin yìí. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ ní Àǹtí Dídán, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnikẹ́ni bá pe èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ó máa ń pẹ́ kó tó dáhùn.

Ibi tó ká a lára jù ni ife. Ife ni wọ́n ń pe ihò tó wà lókè ẹsẹ̀ náà, níbi tí kùkùté ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ lò ó ti ń wọlé. Ara ènìyàn ni yóò máa kan ibẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ìwúwo onítọ̀hún ni yóò sì gbé lé e. Àǹtí Dídán á gé àwọn òpó tín-ín-rín tí ẹ̀rọ fi gbé ike náà dúró kúrò, á fi sáńpépà tó le ha ojú wọn, á bọ́ sórí èyí tó rọ̀, á tún bọ́ sórí èyí tó rọ̀ jù ú lọ, tòun ti omi, kó tó wá fi búrọ́ọ̀ṣì kun ún ní fáníṣì lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Tó bá parí, á dijú, á ti ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ bọ inú ife náà, á fi wọ́ ọ yíká. Ẹ̀yìn ọwọ́ ló ń lò, nítorí ó ní àtẹ́lẹwọ́ òun ti di bàtà, kò mọ nǹkan kan mọ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é títí tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi kàwé tán tó sì darapọ̀ mọ́ wọn. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, ó mọ ẹ̀rọ bí ẹní mowó, gbogbo ènìyàn sì ń pè é ní Ẹ́ńjíníà, àti bàbá tó bí i. Lọ́dún tó dé yìí, ilé ìwòsàn ńlá kan ní kí wọ́n ṣe ogójì ẹsẹ̀ láàárín oṣù méjì. Ẹ́ńjíníà jókòó, ó ṣírò ọjọ́ mẹ́ta lọ́nà ogójì, ó sì rí i pé kò lè ṣeé ṣe. Ló bá ṣe nǹkan méjì. Èkíní, ó dá ẹsẹ̀ náà dùbúlẹ̀ nínú ẹ̀rọ dípò kó dúró, nítorí ohun tó bá kúrú kì í pẹ́ lórí ẹ̀rọ: wákàtí mọ́kàndínlógún wá di mọ́kànlá. Èkejì, ó gbé ẹ̀rọ tuntun kan wá, àwo ràbàtà kan tí òkúta wẹ́wẹ́ àti omi ọṣẹ kún inú rẹ̀. Wọ́n á ju ẹsẹ̀ mẹ́fà sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á máa gbọ̀n jìgìjìgì, òkúta á máa ha wọ́n, tó bá fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n á máa kọ yànrànyànràn.

Àǹtí Dídán gbé ọ̀kan nínú wọn, ó yí i po, ó ní ó dára. Lẹ́yìn náà ló wá ti ọwọ́ bọ inú ife. Ó fà á yọ, ó sì sọ fún Ẹ́ńjíníà pé òkúta kì í dé ìsàlẹ̀ ihò, ìta nìkan ló ń ha. Pé bí wọ́n sì ṣe dá ẹsẹ̀ dùbúlẹ̀ yìí, inú ife ni òpó ẹ̀rọ ń hù sí báyìí, bẹ́ẹ̀ ni ojú ibi tí ike ti tò lé ara wọn fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ́ńjíníà rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín burúkú, ẹ̀rín ẹni tí sùúrù rẹ̀ fẹ́ tán ni. Ó ní, "Àǹtí, mo ti fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. Dídán rẹ̀ ju tiyín lọ ní ìlọ́po méjì."

"Ibo lo wọ̀n?"

"Ara rẹ̀."

"Ìta lo wọ̀n."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá sí i, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ gbìyànjú, ayé ti yí padà, àwọn tí kò lẹ́sẹ̀ ń dúró. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n gbé Àǹtí Dídán kúrò nídìí tábìlì rẹ̀, wọ́n ní kó lọ máa so bẹ́líìtì mọ́ ẹsẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn. Ó lọ. Inú bí i, ó gbé e mì. Ó ń so bẹ́líìtì, ó ń fi ẹnu kùn, kò sì tún ti ọwọ́ bọ inú ife kankan mọ́, nítorí pé bó bá tì í bọ̀ ọ́, yóò sọ̀rọ̀, bó bá sì sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ìlara ẹ̀rọ ló ń ṣe é. Nígbà tó yá, ó máa ń rántí ìyẹn ju gbogbo ohun tí àwọn yòókù ṣe lọ, a sì máa dùn ún.

Ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógójì ti jáde nígbà tí télọ̀ kan dé.

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni. Obìnrin kan tó sún mọ́ àádọ́ta ọdún ló fi ọ̀pá méjì tọ ẹnu ọ̀nà wọlé, ẹsẹ̀ ike rẹ̀ wà nínú àpò aṣọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ rí ẹni tó ṣe é. Ẹ́ńjíníà kò tíì dé, ni wọ́n bá júwe yàrá ẹ̀yìn fún un. Ó jókòó síwájú Àǹtí Dídán, ó sì tú ìbọ̀sẹ̀ funfun méje sílẹ̀ lórí tábìlì, irú èyí tí wọ́n máa ń fi bọ kùkùté ẹsẹ̀ kí wọ́n tó ki í bọ ife. Ó tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹní fẹ́ gé àrán. Ojú kan náà ni òwú ti já lára méjèèje, lápá ẹ̀yìn, nísàlẹ̀ orúnkún díẹ̀.

"Télọ̀ ni mí," obìnrin náà wí. "Òwú kì í dédé já lójú kan náà lẹ́ẹ̀méje."

Ó wá ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Egbò náà tóbi tó orí àtàǹpàkò, etí rẹ̀ pupa, ó sì ń ṣomi. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ kejì ló ti bẹ̀rẹ̀. Òun pe nọ́ńbà tí wọ́n kọ sínú ìwé, ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù dá òun lóhùn pé ara ló ń kọ̀ ọ́, pé yóò bá a mọ́ra. Òun gbà. Ẹni tí wọ́n bá ti gé lẹ́sẹ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní aláròyé. Òun fara dà á, òun ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, títí tí ẹ̀jẹ̀ fi kán sórí aṣọ oníbàárà.

Àǹtí Dídán tú àpò aṣọ náà. Ó fa ẹsẹ̀ náà mọ́ra, ó dijú, ó ti ẹ̀yìn ọwọ́ bọ ọ́. Kò tíì yí i dé ìdajì tí nǹkan fi họ ọ́. Ìdí òpó kan ni, èyí tí ẹ̀rọ hù tí wọ́n ṣẹ́ kúrò ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò ha. Ó yọ ṣóńṣó síta bí eyín eku. Ó yọ ọwọ́, ó rí ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ìbínú tó ti gbé mì láti oṣù méjì wá padà sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbóná débi pé etí rẹ̀ ń hó.

Ó bẹ télọ̀ náà pé kó má bínú. Télọ̀ ní òun ti bínú tán, ó ku tiyín.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni lẹ́tà ilé ìwòsàn dé. Àwọn márùn-ún ló ti légbò, lójú kan náà. Ọ̀kan nínú wọn, tíṣà àgbà kan tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ti wà lórí ibùsùn, egbò tirẹ̀ ti ń rùn. Wọ́n ní kí àwọn tó ṣe ẹsẹ̀ wá sọ tẹnu wọn lọ́jọ́ Ajé.

Ní ọ̀sán Sátidé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ránṣẹ́ pè é wá sílé. Tẹlifíṣọ̀n ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá àlejò láìsí ohùn. Ẹ́ńjíníà jókòó sí ìkángun àga, ó tẹjú mọ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé omi tútù wá, ó sì yára padà sẹ́yìn, bí ẹni tó mọ ohun tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè àlàáfíà ọkọ rẹ̀ àti orúnkún tó ń dùn ún, ó sì wá fa fọ́ọ̀mù kan jáde nínú fáìlì. Fọ́ọ̀mù ẹsẹ̀ télọ̀ ni. Ó ní kó kà á. Àǹtí Dídán kà á: inú ife, wọ́n ti fi ọwọ́ dán an, ẹni tó dán an, orúkọ tirẹ̀. Kì í ṣe orúkọ ìnagijẹ o, èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, tòun ti orúkọ bàbá wọn.

Ó ní, "Ta ló kọ èyí?"

Ó tún bi wọ́n. Ẹ́ńjíníà ní, láìgbójú sókè, "Kọ̀ǹpútà ni, Àǹtí. Bí àyè yẹn bá ṣófo, kì í jẹ́ kéèyàn kọjá sí ojú ewé kejì. Orúkọ yín ló wà níbẹ̀ látẹ̀yìnwá. Mo kàn fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni."

"Lórí ẹsẹ̀ mélòó?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé, ohùn tó fi ń tù ú nínú nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Ó ní bí wọ́n bá sọ fún ilé ìwòsàn pé ẹ̀rọ ló ṣe é, wọ́n á ní gbogbo ẹsẹ̀ ni kò dáa, iṣẹ́ parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn ló ṣì, wọ́n á ní ènìyàn kò lè pé, wọ́n á kìlọ̀, á sì kọjá. Ó ní kò sẹ́ni tó lè lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ilé baba rẹ̀ ni. Ó kàn fẹ́ kó tẹ́rí gbà á lọ́jọ́ Ajé ni. Ọmọ náà ṣì kéré, orúkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ bàjẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀.

"Tèmi ti wá lè bàjẹ́ ní ìparí," Àǹtí Dídán wí.

"Má sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín, ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá gba ẹ̀bi yìí, ẹ ó tún ẹsẹ̀ télọ̀ àti ti àwọn mẹ́rin yẹn ṣe. Àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n yòókù tí wọ́n ń fara dà á nílé, tí wọ́n rò pé ara ló ń kọ̀ ọ́, ta ni yóò sọ fún wọn?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo tẹlifíṣọ̀n tí kò lóhùn. Àǹtí Dídán dìde, kò mu omi náà.

Nígbà tó délé, ó dojú kọ ìkòkò tó wà nínú agbada ìfọ-abọ́. Ó fọ̀ ọ́, ó ṣàn án, ó tún gbé e, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó lẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì, ó ń wò ó. Nígbà tó rí i pé ó dé ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní kó rọra, bó bá tún ha á díẹ̀ sí i, àwọn á máa rí iná láti inú rẹ̀. Àǹtí Dídán fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ó wá ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó sì ní ohun kan ṣoṣo tó yé òun nínú rẹ̀ ni pé wọ́n ti sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ná kí wọ́n tó bi í. Ó béèrè bó ṣe mọ̀. Ọkọ rẹ̀ ní ìyàwó ẹni tó ń di ẹsẹ̀ sínú páálí ló sọ ọ́ fún òun létí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀: wọ́n ní láti àná ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀gá Àgbà wọn, ti pè wọ́n jọ pé Àǹtí ló ba iṣẹ́ jẹ́.

Láti àná. Ó wá rántí bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń yíjú kúrò lára rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tó rò pé ojú rẹ̀ tó le ni wọ́n ń sá fún. Ẹkún rẹ̀ gbẹ.

Lọ́jọ́ Ajé, yàrá ìpàdé ilé ìwòsàn náà tutù, ó sì ń rùn fún oògùn ìfọlẹ̀. Dókítà àgbà tó ń bójú tó àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ jókòó nídìí tábìlì, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ni. Télọ̀ wà níbẹ̀, àti ọmọbìnrin tíṣà tó wà lórí ibùsùn. Ẹ́ńjíníà fi àwòrán kọ̀ǹpútà hàn wọ́n, ó ṣàlàyé bí ara ẹsẹ̀ ṣe ń dán sí. Télọ̀ gbọ́ díẹ̀, ó wá ní kí wọ́n ṣàánú òun, ẹrù amúkùn-ún ni wọ́n ń wò lókè, ìsàlẹ̀ ló ti wọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín àfi òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Àǹtí Dídán wá dìde. Ó ní ó dun àwọn gidigidi, pé nídìí iṣẹ́ ọwọ́ ni àṣìṣe ti wọlé, ẹni tó kàn sì wà níjòókòó láti tọrọ àforíjì. Ó wo àbúrò rẹ̀.

Àǹtí Dídán dìde. Kò tọrọ nǹkan kan. Ó gbé ẹsẹ̀ méjì jáde láti inú àpò tó gbé wá: ọ̀kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ ní ẹnu ọ̀nà, àti ọ̀kan nínú mẹ́rin tó kù tí wọn kò tíì kó lọ. Ó mú ìbọ̀sẹ̀ funfun tuntun, ó fi bọ ọwọ́ dé ìgbúnwọ́. Ó ti ọwọ́ bọ ti àkọ́kọ́, ó yí i, ó yọ ọ́. Ìbọ̀sẹ̀ náà wà bó ṣe wà. Ó ti ọwọ́ bọ èkejì. Gbogbo wọn gbọ́ ọ nígbà tí òwú há. Nígbà tó fà á yọ, òwú kan gùn tẹ̀ lé e bí okùn aláǹtakùn.

Ó gbé e fún dókítà. Dókítà bọ ìbọ̀sẹ̀, ó ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó sì gbé e kalẹ̀. Àǹtí Dídán wá gbé e lọ síwájú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ́ńjíníà, ti ọwọ́ rẹ bọ̀ ọ́. Fi ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ lásán."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo bàbá rẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó hàn lójú rẹ̀ pé kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mẹ́rìndínlógójì ni ó ti rán jáde, kò tíì fọwọ́ kan inú ọ̀kan. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ sún kì, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ nínú ife fún ìgbà tó pẹ́.

"Èmi ni mo fi orúkọ Àǹtí síbẹ̀," ó wí. "Àǹtí kò fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú wọn. Wọ́n kìlọ̀ fún mi."

Bàbá rẹ̀ jókòó bí igi tí wọ́n gé nídìí. Àǹtí Dídán rò pé ara yóò tu òun tí òun bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Kò tu ú. Inú túbọ̀ bí i ni, pé ọ̀rọ̀ tí kò ju ìlà mẹ́ta lọ ni wọ́n fi pamọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé òun sin lé lórí.

Dókítà kò pariwo. Ó ní kí wọ́n gba gbogbo ẹsẹ̀ náà padà lára àwọn tó ń lò ó lọ́jọ́ náà lọ́jọ́ náà, kí nọ́ọ̀sì lọ bá ẹni tí kò bá lè wá. Ó ní ẹsẹ̀ kan kò ní jáde mọ́ láìjẹ́ pé ilé ìwòsàn fi ìbọ̀sẹ̀ dán inú rẹ̀ wò. Nígbà tí wọ́n kó wọn jọ tán, mọ́kànlá míì ló tún légbò tí wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹ́ńjíníà dá ẹsẹ̀ dúró nínú ẹ̀rọ padà, ó jẹ́ kí ipele ike túbọ̀ fẹ́lẹ́ níbi tí ara ènìyàn yóò ti kàn án, ó sì wá ọ̀nà tí òpó kankan kò fi ní hù sínú ife mọ́. Àǹtí Dídán wò ó, ó gbà pé èyí dáa, pé òun kò mọ̀ pé ẹ̀rọ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó fi gba ọjọ́ mẹ́ta tẹ́lẹ̀ wá di ọjọ́ kan àti àbọ̀. Àwo olókùúta náà kò sì dáwọ́ dúró, ìta ló ń ṣe, inú jẹ́ ti ọwọ́. Ó fi ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó síwájú ara rẹ̀, ó gbé sáńpépà lé e lọ́wọ́. Kò fi ẹnu dídùn kọ́ ọ. Bó bá kánjú, á gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, á dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, awọ orí ìka rẹ̀ bó, ó fi bàńdéèjì wé e, ó ń bá a lọ. Kò ráhùn, ìyẹn nìkan sì ni Àǹtí rí yìn nínú rẹ̀ nígbà náà.

Télọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ parí tirẹ̀. Ó wọ̀ ọ́, ó rìn láti ògiri dé ògiri, ó yí padà, ó béèrè pé ṣé ó tán, nítorí aṣọ ẹnìkan wà lábẹ́ ẹ̀rọ nílé. Ó lọ.

Ti tíṣà kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gé e lókè orúnkún, nítorí egbò náà ti wọ eegun. Ẹ́ńjíníà lọ kí i nílé ìwòsàn, ó sì pa dà wá jókòó sínú ọ́fíìsì rẹ̀ láìtan iná. Ó ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́rú láti ìgbà náà. Tíṣà kò bá a sọ̀rọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta àkọ́kọ́.

Ẹ̀gbọ́n Àǹtí Dídán sì wà nínú ọ́fíìsì tirẹ̀ lókè, kò sọ̀ kalẹ̀ síbi iṣẹ́. Ó ránṣẹ́ sí i pé kó wá sílé kí wọ́n jọ parí ọ̀rọ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àǹtí Dídán dá ìránṣẹ́ padà pé kì í ṣe inú ilé ni wọ́n ti ba òun jẹ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́. Ó gbà á lálejò, ó fún un ní ìjókòó, kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ọkọ Àǹtí Dídán gan-an ní ó tó. Òun ní kò tó.

Ó di ọjọ́ kọkànlélógún lẹ́yìn ìpàdé náà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ aṣọ iṣẹ́ wọn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó di irin àtẹ̀gùn mú bí arúgbó. Ó ní kí wọ́n gbọ́. Ó ní ohun tí òun sọ fún wọn lọ́jọ́ Ẹtì yẹn kì í ṣe òótọ́, òun sì mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́ nígbà tí òun ń sọ ọ́. Kò wo àbúrò rẹ̀. Ẹni tó ń di páálí tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà dúró díẹ̀, bóyá ó ń retí pé kí ẹnìkan sọ nǹkan kan tí yóò fi lè padà sókè.

Àǹtí Dídán ní, "Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Kò ní ó tán. Kò tíì tán nínú rẹ̀, kò sì ní purọ́ fún un. Ó fa ẹsẹ̀ tíṣà, èyí tó gùn dé itan, mọ́ra, ó rẹ sáńpépà sínú omi, ó sì sọ fún Ẹ́ńjíníà pé kó sún sí i, ó ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ òun.